Ẹ̀rọ Omi Kọ Káàdì Ìdìbò Mi

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? A ò ní gbọ́ aburú nípa rẹ láéláé. Àwa náà wà, a dúpẹ́, àfi ìyá rẹ tó ṣubú lọ́nà odò pẹ̀lú garawa lórí, tí orúnkún rẹ̀ sì wú.

Wàá ní kí ló gbé e dé odò nígbà tí ẹ̀rọ omi wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Ẹ̀rọ yẹn ti gbọ́n sí wa, wọ́n dá ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sí i lára, wọ́n ní àfi kó jẹ káàdì kó tó pọ omi. N ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, mo wọlé mú káàdì ìdìbò mi, torí òun la fi dìbò fún omi ọ̀fẹ́, mo nù ún, mo tì í bọ ihò náà. Ó tu ú síta. Mo yí ojú mi tó wà lára rẹ̀ sókè kó lè dá mi mọ̀, ó tún tu ú, àwọn obìnrin orí ìlà sì ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Inú bí mi, mo fi ayùn sílẹ̀, mo lọ bá alága tí à ń pè ní Ẹlẹ́nu-Kan ní ọ́fíìsì. Mo ní ṣebí orí tábìlì tí mo fọwọ́ ara mi kàn ló dúró sí tó fi búra pé omi kì í ṣe ọjà, pé ẹ̀tọ́ gbogbo èèyàn ni. Kò jiyàn. Ó ní òun ṣì gbà bẹ́ẹ̀ lọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ti kú, àpò ìjọba gbẹ, ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ tún un ṣe sì ní àfi kí àwọn máa tà á.

“Bàbá, omi ọ̀fẹ́ tí kò yọ, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?”

Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ nírú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní ìwọ ni, pé ìwọ lo kọ ọ̀rọ̀ tí òun sọ lórí tábìlì, ìwọ náà lo kọ ti káàdì. Èmi tí mò ń fi ọ́ yangàn kiri pé ọmọ mi ń kọ̀wé fún ìjọba.

Jọ̀ọ́, fi owó káàdì ránṣẹ́. Ìyá rẹ ò fẹ́ kí n tọrọ rẹ̀. Ó ní kí n ṣáà sọ fún ọ, pé o ò tíì gbọ́ ni, pé tí o bá gbọ́, wàá bá wọn jà. N ò lè sọ fún un.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Òùngbẹ ò ní gbẹ ọ́ níbi tí o wà.

Èmi ni, bàbá rẹ káfíńtà.