Ojú Mi Lára Ògiri Kíláàsì Rẹ

Àkọ́bí mi, tíṣà mi,

Mo kí ọ láàárọ̀, bó bá sì jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni lọ́hùn-ún nígbà tí o bá ń ka lẹ́tà yìí, yáa mú èyí tó bá ọ mu níbẹ̀, nítorí n kò tíì mọ bí oòrùn kan ṣoṣo ṣe ń jẹ́ àárọ̀ fún èmi tó sì ń jẹ́ ìrọ̀lẹ́ fún ìwọ. O kú iṣẹ́, o kú òtútù, o kú àìrójú. Ẹlẹ́dàá tó mú ọ débẹ̀ kò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní yọ̀ lójú ọ̀nà, ohùn rẹ kò sì ní há níwájú ọmọ ọlọ́mọ. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Ìyá rẹ ń kí ọ, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tèmi náà ń kí ọ, ó ní kí n sọ fún ọ pé máṣíìnì ìránṣọ òun tuntun ti dé, àmọ́ ó máa ń fọhùn kó tó rán nǹkan, òun ò sì gbọ́ ohun tó ń wí.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi jókòó ti bírò lónìí kì í ṣe kékeré. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ojú mi ṣe dé ara ògiri kíláàsì rẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi fúnra mi kò mọ bó ṣe débẹ̀. Ibi tí mo mọ̀ ni n óò ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tí o pè wá, mo gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ, àmọ́ bí o ti ń sọ ọ́ ni orí mi ń dàrú. O ní nínú bọ́ọ̀sì tí ò ń wọ̀ lọ síléèwé, ogójì ènìyàn á jókòó, ẹnikẹ́ni ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi sọ̀ kalẹ̀. Mo bi ọ́ bóyá òkú ni wọ́n ń lọ sin, o ní rárá, ibi iṣẹ́ ni wọ́n ń lọ. O ní ìyá arúgbó tó fún ọ ní yàrá nílé rẹ̀ ní garawa ìdọ̀tí mẹ́rin, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì bá ọ wí nítorí pé o ju ìdérí ìgò sínú garawa ìwé. Ìyá rẹ ní bóyá ó ń tà á ni. Èmi ní bóyá ara rẹ̀ ni kò yá. O tún ní àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ò ń kọ́ ń pe orúkọ mọ́ ọ lórí, bí ẹni pé ọdún kan náà ni wọ́n bí yín, kò sì sí ẹni tó ń bá wọn wí. Mo gbọ́, mo gbé e mì.

Èyí tí n kò lè gbé mì ni ti obìnrin tó ń jókòó sẹ́yìn kíláàsì. O ní iṣẹ́ tíṣà ni o lọ fi kọ́ra lọ́dọ̀ wọn, òun sì ni ọ̀gá tó ń wò ọ́. Ọmọ mi, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń ṣe káfíńtà. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ló máa ń wo ọ̀gá, ọ̀gá ló máa ń ṣiṣẹ́. Èwo wá ni ti ọ̀gá tó jókòó kalẹ̀ tó ń wo ọmọ iṣẹ́, tó ń kọ gbogbo ohun tó bá sọ sínú ìwé bí ọlọ́pàá? O ní àwọn ọmọ náà kì í tẹ́tí sí ọ, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ wuyẹwuyẹ, wọ́n á kọjú síbi tó wù wọ́n, ó sì ku ìgbà kan péré tí ọ̀gá yìí máa wá, lọ́jọ́rú, bí ohun tó bá kọ kò bá dára, wọ́n á dá ọ padà wálé láìgba ìwé ẹ̀rí. O rò pé a ò mọ̀ pé ò ń sunkún. Ìyá rẹ mọ̀. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó gbé e mọ́ àyà. Etí ló yẹ kó gbé e mọ́, n kò sì lè sọ fún un.

Lọ́jọ́ kejì mo pinnu pé n óò bá obìnrin yẹn sọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà méjì ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀. Mo tẹ nọ́ńbà rẹ. Ìwọ kọ́ lo gbé e, obìnrin kan ni, ohùn rẹ̀ tutù, ó sì mọ́ ketekete, ó ní n kò lè rí ẹni tí mo ń pè bá sọ̀rọ̀ lásìkò yìí. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun ni, nítorí bí o ṣe júwe rẹ̀ gan-an ló rí, kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì í bínú. Mo kí i, mo kí ọkọ rẹ̀, mo kí àwọn ọmọ rẹ̀. Mo sọ fún un pé láti ìgbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà lo ti ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ́ àwọn àbúrò rẹ ní á-bí-dí lórí àjákù pákó mi, kó jọ̀ọ́, kó má fi bírò rẹ̀ ba iṣẹ́ rẹ jẹ́. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ dáadáa, kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tó yá ó ní kí n tún gbìyànjú nígbà mìíràn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ó ti gbà láti fún ọ láyè lẹ́ẹ̀kan sí i, pé ohun tó ń sọ nìyẹn.

Nígbà tó wá di ọjọ́rú, n kò rántí pé ọjọ́rú ni, kí n má purọ́ fún ọ. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo ń kan àpótí ìjókòó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta fún obìnrin tó ń ta ìwé ìròyìn níkòríta, nítorí ilẹ̀ ibi tó ń jókòó sí kò tẹ́jú. Ọkàn mi ṣàdédé fà sí ọ. Télọ̀ ní kí n má tẹ ibi tí mo máa ń tẹ̀, ó ní kí n tẹ èyí tí àwòrán kámẹ́rà wà lára rẹ̀, n óò rí ojú rẹ, n óò sì mọ̀ bóyá o ti rù. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó dún lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ṣí.

Kì í ṣe ojú rẹ ni mo rí. Òrùlé ni mo kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà àwọn ọmọ, wọ́n tó bí ogún, gbogbo wọn gbé orí sókè, wọ́n ń wo ohun kan tó ga jù wọ́n lọ, ẹnu wọn là sílẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn kí n lè rí ohun tí wọ́n ń wò. Ògiri ṣọ́ọ̀bù mi ni. Mo tún wo iwájú. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn rẹ, o ní kí n jọ̀ọ́, kí n pa á, pé o fẹ́ gé ìpè mi ni ìka rẹ ṣèèṣì gbé e, pé wáyà ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri wà lára fóònù rẹ, ojú mi ló sì wà lára ògiri níbẹ̀. Mo wá ibi tí wọ́n ti ń pa á, n kò rí i. Mo wá fi ọwọ́ bò ó. O ní àtẹ́lẹwọ́ mi ló tún wà lára ògiri báyìí, ó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ.

Mo yọwọ́. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ti tán fún ọ. Àmọ́ ọmọbìnrin kan tó wọ awò ojú dìde, ó nàka sí mi, ó sọ nǹkan kan, o sì sọ ọ́ fún mi ní èdè wa. O ní ó ń bèèrè ohun tó fà á tí àga ẹ̀yìn mi fi ní ẹsẹ̀ mẹ́ta tí kò sì ṣubú. Ọmọ mi, láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kò sí ẹni tó bi mí ní irú ìbéèrè yẹn rí. Mo gbàgbé pé kíláàsì ni. Mo gbé àpótí náà sórí tábìlì, mo ní ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kì í mì, ibi yòówù kí a gbé e sí, gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ á kanlẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ló ń fẹ́ ìwọ̀n tó péye, bí ọ̀kan bá fi bí èékánná kúrú, àga á máa jó. Ò ń túmọ̀ rẹ̀, mo sì ń gbọ́ bí ohùn rẹ ṣe ń le sí i. Àwọn ọmọ dìde, wọ́n ń mi àga wọn wò, wọ́n ń wọ abẹ́ tábìlì, wọ́n ń fi rúlà wọn ẹsẹ̀ àga, wọ́n ń pariwo pè ọ́ pé kí o wá wò ó. Ìgbà yẹn ni mo rí obìnrin náà lẹ́yìn, ó ń kọ̀wé bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Mo kí i. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ lórí fóònù. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ohùn mi rí. Bí mo ṣe fẹ́ rán an létí ni iná fóònù mi tán.

Láti ọjọ́ náà, a ò gbọ́ ohùn rẹ mọ́. Mo pè títí. Obìnrin yẹn náà ló ń gbé e, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ, bó ti wù kí n bẹ̀ ẹ́ tó. Télọ̀ ní ó dá òun lójú pé wọ́n ti gba fóònù lọ́wọ́ rẹ, wọ́n sì ti lé ọ. Ìyá rẹ kò bá mi jà, ìyẹn ló ń dùn mí jù. Ó kàn máa ń gbé oúnjẹ kalẹ̀, á ní kí Baba Ojú Ògiri wá jẹun.

Ní ọjọ́ karùn-ún mo ṣí yàrá rẹ. Mo gbá a, mo ṣí fèrèsé, mo na aṣọ tuntun sórí bẹ́ẹ̀dì, mo tún ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tó ti wọ́ ṣe. Ìyá rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bi mí pé kí ni mò ń ṣe. Mo ní bí wọ́n bá dá ọ padà, kí o má bàa bá eruku. Ó wò mí, ó wò mí, ó wá ní ṣé kì í ṣe pé inú mi ń dùn báyìí. Mo nawọ́ mú ìṣó. Ọmọ mi, ó dùn díẹ̀. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mò ń gbàdúrà kí wọ́n má lé ọ, mo sì ń kan ìṣó mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù rẹ lẹ́ẹ̀kan náà. N kò mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ni èmi.

Àná ni ẹni tó ń pín lẹ́tà gbé àpò ìwé ńlá kan wá. Lẹ́tà rẹ ló wà lókè. O ní fóònù rẹ jábọ́ lórí àtẹ̀gùn, ó fọ́, nọ́ńbà rẹ ti yí padà, o kò sì lè pè wá nítorí pé inú fóònù tó fọ́ ni nọ́ńbà wa wà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Báwo ni nọ́ńbà bàbá ẹni ṣe ń wà nínú fóònù, tí kò sí lórí? Mo ti kọ ọ́ sẹ́yìn lẹ́tà yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ ọ́. O ní obìnrin náà kọ ọ́ pé òun kò tíì rí i kí kíláàsì yẹn gbájú mọ́ nǹkan tó bẹ́ẹ̀ rí, àti pé o mọ bí a ṣe ń gba àlejò tí a kò pè láìjẹ́ kí ẹ̀kọ́ dúró. Mo bi télọ̀ pé àlejò wo ló wá síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Òun náà ò mọ̀. O ní o ti yege, pé wọ́n ní kí o dúró fún ọdún kan sí i, àmọ́ o kò ní dá wọn lóhùn àfi tí o bá gbọ́ tẹnu wa.

Ìwé méjìlélógún ló wà lábẹ́ lẹ́tà rẹ, àwọn ọmọ ló ya àwòrán sí wọn, o sì kọ ìtumọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. O ní iṣẹ́ àṣetiléwá lásán ni, pé kí wọ́n wọn nǹkan wá láti ilé. Kì í ṣe lásán o. Iṣẹ́ ni wọ́n gbé fún mi, wọ́n kọ gígùn, wọ́n kọ ìbú, wọ́n kọ gíga. Ọ̀kan fẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ajá. Èmi àti ìyá rẹ jọ ronú sí i, kò yé wa, ṣé ara ajá náà ni kò yá? Òmíràn fẹ́ ohun tí ìyá àgbà rẹ̀ máa fẹsẹ̀ tẹ̀ kó tó gun bẹ́ẹ̀dì, ìyẹn yé mi. Èyí tí ìwé rẹ̀ dọ̀tí jù kò wọn ohunkóhun nílé wọn. Àga ló yà, ó kọ orúkọ rẹ sábẹ́ rẹ̀, ó ní láti àárọ̀ ni tíṣà àwọn máa ń wà lórí ìdúró, bóyá ẹsẹ̀ ló ń dùn ún, bóyá ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ máa lọ.

Mo jókòó ti ìwé yẹn pẹ́. Ìyá rẹ bi mí pé kí ni mo fẹ́ kọ sí ọ. Mo ní kí o dúró. Ó ní òun náà ní kí o dúró. A jọ lọ ti fèrèsé yàrá rẹ.

Nítorí náà, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kì í ṣe fún jíjẹ, fún pákó ni, àti fún pósíọ́fíìsì, nítorí télọ̀ ní wọ́n á gbé àga lé òṣùwọ̀n. Má fi í gba báǹkì inú fóònù tí ò ń sọ yẹn, n kò fẹ́ kí obìnrin náà gbé e. Kí o wá wá ibì kan jókòó sí, kí o gbé ẹsẹ̀ lélẹ̀ dáadáa, kí o fi rúlà wọ̀n ọ́n láti ẹ̀yìn orúnkún rẹ títí dé gìgísẹ̀, kí o kọ ọ́ ránṣẹ́. Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, àmọ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún ni ọ́ nígbà tí mo wọ̀n ọ́n kẹ́yìn.

Ibi tí o bá jókòó sí, àlàáfíà ni kó bá ọ jókòó. Ilẹ̀ ibẹ̀ á gbà ọ́, tiwa níbí kò sì ní gbàgbé ẹsẹ̀ rẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, káfíńtà.