Ẹ̀rọ Atọ́nà Tí Mo Dá Padà

                                                            Ilé Kejì sí Èbúté,
                                                            Ubeji, Warri,
                                                            Ìpínlẹ̀ Delta.
                                                            Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Ṣẹẹrẹ, 2025.

Láyí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni ará ilé? Ọláwùnmí ìyàwó wa ńkọ́? Mo gbọ́ pé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ti wọlé ìwé padà? Ìwọ alára ńkọ́, ṣé Èkó kò tíì sọ ọ́ di ẹni tí kò lè jẹ pùpùrù mọ́? Abigail ìyàwó mi ń kí ọ, ara rẹ̀ le. Ara tèmi náà le, àfi ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Ó dájú pé o ti tú páálí tó bá lẹ́tà yìí wá, o sì ti rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Jọ̀wọ́, má bínú. Ẹ̀rọ atọ́nà tí o mú wá fún mi nígbà tí o wá kí wa lóṣù Ọ̀wàrà ni. Kò bàjẹ́ o. Kò sì sí ẹni tó sọ̀rọ̀ rẹ láìdáa létí mi. Ẹ̀rù ló ń bà mí, Láyí.

Nígbà tí o gbé e lé mi lọ́wọ́, o ní kò ní ná mi ní nǹkan kan mọ́, pé sátẹ́láìtì tó ń bá a sọ̀rọ̀ lókè kì í gba owó. Òótọ́ ni, sátẹ́láìtì kò gba owó. Bátìrì ló ń gbà á. Ẹ̀rọ yìí ń jẹ bátìrì bí ọmọdé ṣe ń jẹ ẹ̀pà. Àwọn tí mo rà ní Main Market kì í bá mi dé ìdajì ọ̀nà, àwọn tó dáa sì wọ́n bí ojú. Máàpù tó bá a wá, títì ọkọ̀ ilẹ̀ nìkan ló mọ̀. Mo tún sanwó fún ọmọkùnrin kan ní Effurun kó tó bá mi fi ti omi sí i, ìyẹn náà sì ya odò wa bí ẹni pé kò sí abúlé kankan létí rẹ̀. Rọ́bà tó bo ẹnu rẹ̀ já, omi iyọ̀ ń fẹ́ wọ inú rẹ̀, mo wá ń fi ọ̀rá búrẹ́dì wé e. Ṣùgbọ́n gbogbo èyí kò tó ohun tí à ń kọ lẹ́tà sí. Owó la pè é, a máa tún wá òmíràn.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé ẹ̀rọ náà máa gba àwáwí lẹ́nu mi. Ṣé o rántí bí a ṣe ń ṣe lọ́jọ́ tí kùrukùru bá bo omi lásìkò ọyẹ́? Nílé létíkun bẹ́ẹ̀ ni, níhìn-ín náà bẹ́ẹ̀ ni. A ó so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, a ó jókòó sí èbúté, a ó yan ẹja, títí oòrùn á fi ká a kúrò. Àwọn bàbá wa á ní omi kò rí wa, àwa náà kò rí omi, ẹ jẹ́ ká jókòó. Kò sí ẹni tí í pe ẹnì kejì rẹ̀ ní ojo. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rù ń ba gbogbo wa nígbà náà, ṣùgbọ́n kò di dandan kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́.

Látìgbà tí ẹ̀rọ yìí ti dé, ìjókòó ti tán fún mi. Bí kùrukùru bá ti sọ̀ báyìí, àwọn oníṣòwò á ti dúró sẹ́nu ọ̀nà mi pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ wọn. “Captain, you get machine, wetin you dey fear?” Àwọn ọlọ́kọ̀ yòókù á sì tò sẹ́yìn mi bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ. Mi ò ní purọ́ fún ọ, mo kọ́kọ́ gbádùn rẹ̀. Ta ni kì í fẹ́ kí wọ́n pe òun ní Captain?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kùrukùru nipọn débi pé mi ò rí imú ọkọ̀ tí èmi fúnra mi ń wà. A gbéra náà. Ọdúnayọ̀ àbúrò Abigail, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ tirẹ̀, ló tẹ̀ lé mi pẹ́kípẹ́kí, èrò kún inú ọkọ̀ àwa méjèèjì. Ojú mi wà lára ẹ̀rọ. Ó ní àárín odò gan-an la wà, pé ọ̀nà là gbọrọ níwájú wa. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ àti omi nìkan ló mọ̀, Láyí, kò mọ ohun tó ń bọ̀. Ohun dúdú kan ṣàdédé yọ sí wa bí ògiri: bájì ńlá kan ni, pẹpẹ irin tí wọ́n fi ń kó ẹrù lórí omi, ọkọ̀ tó ń tì í bọ̀ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Mo yí ọkọ̀ tipátipá. Bí mo bá na ọwọ́, màá fọwọ́ kan ìpẹtà ara rẹ̀. Ìgbì gbé wa sókè, ó jù wá sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ igbe lẹ́yìn mi, igbe náà sì dákẹ́.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ìdákẹ́jẹ́ yẹn fún ọ. Mo pa ẹ́ńjìnì. Mo pe Ọdúnayọ̀ títí ohùn mi fi há, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ó pẹ́ kí á tó gbọ́ tí obìnrin kan ń pe Jésù, a sì wa ọkọ̀ tọ ohùn rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Ìgbì ti gbá wọn sáàárín àwọn igi etí odò, omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ọkọ̀ wọn, wọ́n di ẹ̀ka igi mú. Gbogbo wọn wà láàyè. Mo bi Ọdúnayọ̀ pé ṣé kò rí ìgbà tí mo yà ni. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, na your back I dey look o. I no look water at all.” Ọmọ tí wọ́n bí sórí omi, tó ti ń wa ọkọ̀ kó tó mọ ìwé kà, ẹ̀yìn mi ló ń wò!

Mo rò pé wọ́n á bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín, ìdúpẹ́ ni wọ́n ṣe. Lọ́jọ́ Àìkú, Bàbá Ìjọ pè mí jáde, wọ́n ní bí kì í bá ṣe ti ẹ̀rọ náà, gbogbo wa là bá ti ṣègbé. Wọ́n gbàdúrà sí i, wọ́n da òróró lé e lórí, èmi náà ń fi etí aṣọ nù ún kó má baà wọnú. Mo fẹ́ sọ pé bí kì í bá ṣe ti ẹ̀rọ náà, èbúté là bá jókòó sí lọ́jọ́ yẹn. Ẹnu mi kò gbà á. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kéde pé lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yìí, ìjọ ń bá Bàbá Ìjọ lọ sìnkú ìyá wọn nílé létíkun. Ojú omi la ó gbà, ìdájí la ó gbéra, kùrukùru ì báà wà, kó má wà, a ṣáà ti ní Captain. Àmín Abigail ló ròkè jù. Òun àti àwọn ọmọ wa wà lára àwọn tó ń lọ.

Nígbà tí a délé, mo sọ fún un pé ẹ̀rù ń bà mí. Ó rẹ́rìn-ín. “Bàbá Ìlérí, you don start again. Ṣé òróró ò ti kàn án ni?” Àwọn àgbà ní akíkanjú tó mọ ogun jà tí kò mọ ogun sá, ogun ni yóò bá lọ. Mo fẹ́ sá, Láyí, ibi tí mo máa sá gbà ni mi ò rí.

Ìdí nìyí tí mo fi ń gbé e fún awakọ̀ Èkó ní Effurun lónìí. Mo ti sọ fún Bàbá Ìjọ pé o ránṣẹ́ sí mi, pé o nílò ẹ̀rọ rẹ ní kíákíá. Wọ́n gba nọ́ńbà rẹ lọ́wọ́ mi. Wọ́n máa pè ọ́, wọ́n á bẹ̀ ọ́ pé kí o fi sílẹ̀ di ẹ̀yìn ìsìnkú, wọ́n sì mọ ẹ̀bẹ̀ ẹ́ bẹ̀. Jọ̀wọ́, má gbà fún wọn. Bí kò bá sí ẹ̀rọ, tí kùrukùru bá sì sọ̀, a ó jókòó bí gbogbo èèyàn, oòrùn á yọ, a ó lọ.

Bá mi kí Ọláwùnmí, bá mi kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlérí ní kí n kí bọ̀ọ̀dá Èkó.

Wọ́n máa sọ ọ́ di ahun nínú ìjọ wa, mo sì mọ̀ pé o kì í ṣe ahun. Jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó sàn kí wọ́n máa pe ọ̀rẹ́ mi ní ahun ju kí n dúró sínú kùrukùru, kí n máa pe Abigail, kí n má sì gbọ́ ohùn rẹ̀.

                                                            Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
                                                            Akínsànmí.