Oògùn Tí Màmá Rà Lórí Ìkànnì Yín

Ẹ̀gbọ́n mi Ọláníran,

Ṣé dáadáa ni ìyàwó wa àti àwọn ọmọ wà? Gbogbo ilé ní Ìrókò ń kí yín. Àgbàdo ṣe dáadáa lọ́dún yìí.

Mo pè yín títí, ẹ ò gbé e. Màmá ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ ń polówó fún èrè lórí ìkànnì yín, wọ́n sì pa ti ọsibítù tì. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní, "Ọmọ mi ò ní polówó ohun tó máa pa mí." Láti àná, apá òsì wọn ò ṣeé gbé mọ́. Dókítà ń béèrè ohun tó wà nínú oògùn náà. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n, àbí èrè orí ẹ̀ nìkan lẹ mọ̀?

Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ tètè pè mí. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká pè yín wálé lójijì.

Àbúrò yín,
Gbọ́njúbọ́lá