Fíláàṣì Pupa Ti Màmá

Mujeeb,

Láàárọ̀ yìí, ìkànnì tí a fi ń ta ẹja yíyan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣófo pátápátá. Ẹ̀rù ò bà mí. Fíláàṣì dúdú tí mo ń kó ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ pamọ́ sí ní Jímọ̀-Jímọ̀ wà nínú báàgì mi. Mo fi dá ìkànnì náà padà, àwọn oníbàárà sì ti ń rajà kí n tó wẹ̀.

Ṣùgbọ́n fíláàṣì pupa, ẹ̀dà kejì, tó yẹ kó wà lọ́dọ̀ Màmá ní Ẹ̀pẹ́ kí méjèèjì má baà bá ilé kan ṣoṣo jó, abẹ́ ìrọ̀rí rẹ ni mo ti bá a. Fíìmù ló kún inú rẹ̀! Mo ti pa gbogbo wọn rẹ́, mo sì kó ìkànnì sí i. Òun nìyí lórí tábìlì. Mú un lọ fún Màmá lónìí, kí o bá mi kí wọn.

Àwọn fíìmù yẹn ńkọ́, ṣé o tọ́jú ẹ̀dà wọn síbòmíràn?

Fàósátù, ẹ̀gbọ́n rẹ