Balógun Páànù àti Ẹsẹ̀ Irin Bàbá Mi

Bàbá mi àtàtà,

Kí n tó kí yín rárá, ẹ gbọ́ ìròyìn tó ń mi gbogbo Òṣogbo tìtì. Èmi ọmọ yín ni mo pa Balógun Páànù. Èmi nìkan, pẹ̀lú ọwọ́ mi méjèèjì yìí àti páàdì géèmù kan tí bọ́tìnnì rẹ̀ ti yọ. Láti Igbona títí dé Iléṣà, kò sẹ́ni tó pa á rí. Ọjọ́ tí mo pa á, iná dé sí gbogbo àdúgbò láìròtẹ́lẹ̀, wọ́n gbé mi lé èjìká dé oríta Ọlá-Ìyá, ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ dá ọkọ̀ dúró kí n lè kọjá. Wọ́n ní àwọn máa mọ ère mi síbẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ère náà wọ ṣòkòtò tí ẹ rán fún mi, èyí tí kò dé ọrùn ẹsẹ̀ mi mọ́.

Ó dáa. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń mi orí. Bí ẹ ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí ẹ bá ti gbọ́ ohùn mi tó ń ga ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ yín: ẹ ó ti píìnì bọ ẹnu, ẹ ò ní sọ nǹkan kan, ẹ ó dá máṣìnnì dúró, ẹ ó máa wò mí títí n ó fi dín ọ̀rọ̀ náà kù fúnra mi. Kò sẹ́ni tó ń wò mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí irọ́ mi fi ń sanra.

Ẹ ò mọ Balógun Páànù. Inú géèmù ló wà, ní ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Gàfárù, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀. Orúkọ tí àwọn tó ṣe géèmù náà fún un ń lọ́ni láhọ́n, Sọ́díìkì ọ̀rẹ́ mi ló sọ ọ́ ní Balógun Páànù, torí ìdajì rẹ̀ ni ènìyàn, ìdajì ni irin. Ojú kan jẹ́ ojú, èkejì jẹ́ iná pupa. Orí ayé kan tó jìnnà sí tiwa ló ti ń jọba, ìkà sì ni, ẹ má wulẹ̀ bá a wá àwáwí. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni kúrò nínú ìlú rẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú tó bá gbéra, yóò yìnbọn já a lulẹ̀. Ó ń gba irin lọ́wọ́ tálákà: ìkòkò ìdáná, ilẹ̀kùn, títí kan ọ̀pá tí arúgbó fi ń rìn, gbogbo rẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́ ara. Iṣẹ́ àwa tí à ń gbá géèmù náà ni kí á gba ìlú lọ́wọ́ rẹ̀.

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń bú u. Èmi náà ń bú u, èébú tèmi tiẹ̀ gùn jù. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹnì kan. Èèyàn máa ń gbọ́ ọ kó tó rí i. Yóò máa ti ẹ̀yìn ògiri bọ̀, ẹsẹ̀ gidi, ẹsẹ̀ irin. Gbì. Kíń. Gbì. Kíń.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo fò dìde lórí bẹ́ǹṣì. Mo ti fẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ kí ẹ má baà bá mi nídìí géèmù. Mo ti gbàgbé pé ẹ ti kú.

Sọ́díìkì ní, "Kí ló ṣe ẹ́? Ṣé ilé ìtọ̀ ni?"

Mo ní ilé ìtọ̀ ni.

Bàbá mi, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹsẹ̀ yín la fi ń mọ bí ọjọ́ yín ṣe lọ? Tó bá yára ní kọ́rídọ̀, ẹ ra ẹ̀pà dání nìyẹn. Tó bá ń fà, a mọ̀ pé irin ti bó kùkùté ẹsẹ̀ yín, Màámi yóò ti gbé omi lé iná kí ẹ tó kan ilẹ̀kùn. Tí ẹ bá wá jókòó, ẹ ó yọ ọ́, ẹ ó gbé e ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú bàtà rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ẹ ó fi fìlà yín kọ́ ọ lórí. Torí rẹ̀, ilẹ̀kùn wa kì í ṣí tán, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ la fi ń wọlé. Bàtà òsì yẹn kì í gbó bíi ti ọ̀tún. Síbẹ̀, ẹ máa ń kun méjèèjì bákan náà, ẹ ní kí ọ̀kan má lọ rò pé òun ni àkọ́bí.

Ọjọ́ tí ẹ kú, kí wọ́n tó wẹ̀ yín, Ààfáà ní kí wọ́n yọ irin. Wọ́n gbé yín lọ, ẹsẹ̀ yín dúró sílé.

Nígbà tí wọ́n ṣe fídáù tán, àwọn ẹbí jókòó láti pín ẹrù yín. Agbádá lọ síbí, fìlà lọ sọ́hùn-ún. Ó kan bàtà dúdú. Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n yín, ni wọ́n fún. Wọ́n gbé ti ọ̀tún, wọ́n ń wá ti òsì kiri. Wọ́n wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wo inú àpótí, wọ́n fẹ́ẹ̀ bá Màámi jà pé ta ló gbé e. Àfi ìgbà tí ẹnì kan ti ilẹ̀kùn, tí wọ́n rí i lára ẹsẹ̀ irin, okùn rẹ̀ ṣì wà bí ẹ ṣe so ó. Bàbá Àgbà jókòó. Wọ́n gbé ti ọ̀tún padà sílẹ̀ jẹ́ẹ́, wọ́n ní kò bá àwọn lẹ́sẹ̀ mu. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìwọ̀n kan náà ni ẹ̀yin méjèèjì ń wọ̀.

Kò sẹ́ni tó pín ẹsẹ̀ irin. Mo bá mú un.

Wàyí o, Bàbá Ọ̀tan, àbúrò ìyá Màámi tó ń gbin obì àti kòkó ní Ọ̀tan-Ilé, ẹ rántí wọn? Àwọn tó máa ń sọ Ìjẹ̀ṣà sí yín tí ẹ ó máa dáhùn bí ẹni pé ó yé yín. Àtọ̀gbẹ ba ẹsẹ̀ òsì wọn jẹ́, wọ́n gé e nísàlẹ̀ orúnkún. Màámi lọ kí wọn, wọ́n bá wọn lórí àkéte, Bàbá Ọ̀tan kọjú sí ògiri. Nígbà tí Màámi padà délé, wọn ò lè jẹun. Lójú ọ̀nà, wọ́n ti yà sọ́dọ̀ ọ̀gá tó ṣe ẹsẹ̀ yín ní Iléṣà. Ọ̀gá náà ní òun mọ iṣẹ́ ọwọ́ òun, irin rẹ̀ á ṣì le, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á ṣì dáa, ife tí kùkùté ń wọ̀ nìkan ni òun máa tún ṣe. Màámi wá ní àwọn fẹ́ fi ẹsẹ̀ náà ṣe sàráà fún yín.

Mo ní ó ti sọnù.

"Ó sọnù? Ṣé ó rìn lọ fúnra ẹ̀ ni?"

Mo ní bóyá olè ló gbé e.

"Olè ẹlẹ́sẹ̀ mélòó?"

Bàbá mi, inú àpò ìrẹsì ló wà, lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀ Bọ̀dá Gàfárù. Mo ti gbé e kúrò nílé láti ọjọ́ tí mo gbọ́ orúkọ Ọ̀tan lẹ́nu Màámi. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Gbogbo nǹkan yín ló ti lọ. Máṣìnnì yín wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹlòmíràn ló ń wọ agbádá yín lọ sí Jímọ̀. Ẹsẹ̀ yẹn nìkan ló kù tó bá yín rìn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni a wọ ilé Balógun Páànù nínú géèmù. Yàrá kan wà níbẹ̀ tí ṣọ́jà pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ góòlù. A jà, a wọlé. Kò sí góòlù. Ọwọ́ kan ló wà nínú gíláàsì. Ọwọ́ rẹ̀ ni, èyí tí ìyá rẹ̀ bí mọ́ ọn, tí ogun gé kó tó di onírin. Ó ti gbẹ. Géèmù náà wá fi bó ṣe máa ń ṣe hàn wá: yóò wọlé, yóò lé gbogbo ènìyàn síta, yóò jókòó níwájú gíláàsì náà. Kì í sọ̀rọ̀. Kì í fọwọ́ kàn án.

Sọ́díìkì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo wèrè! Ọwọ́ tí kò lè gbé ṣíbí mọ́, ó kó ṣọ́jà tì í!"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Tèmi ló ròkè jù. Jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn wa, mo sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò lè wo ẹnikẹ́ni lójú. Ìkà ni ọkùnrin yẹn, mo ti sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ lọ́jọ́ náà ó ṣe mí bíi kí n wọ inú tẹlifíṣọ̀n lọ jókòó tì í.

Kò pẹ́ tí Bàbá Ọ̀tan fúnra wọn dé ilé wa, igi méjì ní abíyá. Mo rò pé wọ́n máa sunkún tàbí kí wọ́n ṣépè. Wọ́n jókòó, wọ́n wò mí.

"Ìwọ lo ni ẹsẹ̀?"

"Rárá sà. Bàbá mi ló ni ín."

"Ṣé wọ́n ń lò ó níbi tí wọ́n wà?"

Mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo fajú ro.

"Má wulẹ̀ fajú ro. Mi ò wá gbà á, mo wá tọrọ ẹ̀ ni. Tó o bá ní rárá, n ó jẹ iyán ìyá ẹ, n ó máa lọ."

Mo ní, "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, sà?"

"Mo fẹ́ lọ wo obì mi. Àwọn ọmọ ní ó ti so. Mi ò gbà wọ́n gbọ́. Irọ́ wọn fẹ́ẹ̀ tó tìẹ, ìyá ẹ ti ròyìn ẹ fún mi."

Ohun tí wọ́n fẹ́ kò ju ìyẹn lọ. Kí wọ́n lọ wo igi obì. Mo dìde, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo fa àpò náà jáde. Bọ̀dá Gàfárù ní, "Àṣé ìwọ lo ni nǹkan yìí? Mo rò pé irinṣẹ́ ni." Mo gbé e lé èjìká gba àárín Igbona kọjá. Bàtà ń yọ lẹ́nu àpò. Ìyá oníbọ̀ọ̀lì pariwo, "Yéè! Wọ́n ti pa ọmọ ọlọ́mọ!" Mi ò lágbára àtiṣàlàyé. Nígbà tí mo délé, mo kun bàtà méjèèjì kí n tó gbé e fún wọn.

Nígbà tí ọ̀gá ti Iléṣà parí iṣẹ́, a tẹ̀ lé Bàbá Ọ̀tan lọ síbẹ̀. Wọ́n wọ ẹsẹ̀ náà, wọ́n dìde. Màámi di ọwọ́ kan mú, mo di èkejì, lẹ́yìn náà ọ̀gá ní kí a fi wọ́n sílẹ̀. Mo di ojú mi. Bàbá mi, ẹ̀yin ni mo ń retí. Mo rò pé tí irin yẹn bá kan ilẹ̀, ẹ ó wọlé.

Ṣà. Gbì. Ṣà. Kì í ṣe ẹ̀yin. Irin kan náà, bàtà kan náà, àmọ́ ẹlòmíràn ló ń rìn. Bàbá Ọ̀tan ń làágùn, wọ́n ń fi Ìjẹ̀ṣà bú ẹsẹ̀ náà, wọ́n ní ó ti mọ ọ̀nà Òṣogbo jù, ó fẹ́ máa yà. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà bá di ẹkún. Mo ní eruku ló wọ̀ mí lójú.

Wọ́n ti dé oko. Wọ́n fi obì ránṣẹ́ sí wa, wọ́n ní òótọ́ ni, ó so. Ilẹ̀kùn wa ti wá ń ṣí dé ògiri, ó sì ń gbá a gbàm nígbà gbogbo, Màámi ní kí n yé tì í bẹ́ẹ̀. Ṣé sàráà náà dé ọ̀dọ̀ yín? Ṣé inú yín dùn sí i? Ṣé wọ́n ti fún yín ní ẹsẹ̀ gidi níbẹ̀? Ṣé bàtà òsì ti ń gbó?

Nípa ti ìròyìn òkè yẹn, ẹ dá máṣìnnì dúró, ẹ máa wò mí. Kò sẹ́ni tó gbé mi lé èjìká. Kò sí ère. Iná dé lóòótọ́, àmọ́ ó tún lọ. Mi ò sì pa Balógun Páànù. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń pa á, ìyẹn kì í ṣe irọ́, èmi ni mo kọ́ Sọ́díìkì ní gbogbo ọ̀nà rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti ń ti ẹ̀yìn ògiri bọ̀, ńṣe ni mo máa ń gbé páàdì lé itan, n ó máa gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ mi, yóò sì pa mí. Sọ́díìkì rò pé ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹ jẹ́ kó máa rò bẹ́ẹ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín. Èyí, mi ò bù mọ́ ọn.