Bọ́tìnnì Ìyá Ràfíátù

Àdúgbò Cissin, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́.

Inú fóònù ni mò ń sọ èyí sí. Ara mi ò balẹ̀ látàárọ̀.

Ràfíátù ọmọ mi gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ìyá rẹ̀ fi ń tẹ lẹ́tà fún àwọn oníṣòwò ní àdúgbò Zangouettin sórí alùpùpù, ó ní ká lọ tún un ṣe. Bí a bá tẹ àwọn bọ́tìnnì lẹ́tà rẹ̀, wọn kì í dìde mọ́.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Rood Woko ní, "Bàbá, rọ́bà abẹ́ wọn ti gan. Màá kó gbogbo wọn dànù, màá fi tuntun sí i. Ẹ ò rí i pé lẹ́tà orí wọn ti parẹ́?"

Mo ní, "Èmi ò mọ lẹ́tà rí. Gbé e fún mi bó ṣe wà."

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi òkú ẹ̀rọ ṣe?" Ràfíátù ló bi mí. Inú ṣì ń bí i pé mi ò jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe.

Lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú, a fi aṣọ rẹ̀ ṣe sàráà, a fi bàtà rẹ̀ náà ṣe é. Àwọn bọ́tìnnì yìí ló kù. Àárín wọn jìn díẹ̀, ìka rẹ̀ ló jẹ wọ́n bẹ́ẹ̀.

Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó. Mo fi ìka mi sí ọ̀kan wò. Ìka mi tóbi jù.