Ẹ̀rọ Ìgbọ́ràn Tí Ọmọ Mi Fi Sílẹ̀

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ọjà.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹwàá.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó wa ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ara wọn le? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn, ṣé ó ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Ní tèmi, mo ń jí, mo ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo ń tì í. Màmá wà. Wọ́n ń jẹun jù mí lọ.

Mo dúpẹ́ fún ìwé ìbánikẹ́dùn rẹ. Ó di oṣù mẹ́ta báyìí tí a sin ọmọ mi, Ìyá Wáyà, orúkọ tí ìwọ fúnra rẹ sọ ọ́ nígbà tó tú rédíò rẹ palẹ̀ ní ọmọ ọdún méje. Wọ́n ní ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Èmi ni mo sin tèmi.

Ohun tí n kò tíì lè kọ sí ọ ni pé Màmá kò tíì mọ̀. O mọ̀ pé etí wọn ti di. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, àfi kó pariwo títí ará ojúlé kejì á fi dáhùn. Wọn kò sì mọ̀wé kà. Báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ fi igbe sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún ìyá rẹ̀? Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kejì, mo lanu, kò sí ohùn, wọ́n ní, "Ṣé ebi ń pa ọ́ ni, tí o ń yanu bí ọmọ ẹyẹ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n rò pé ọmọ wà nílé ẹ̀kọ́ tó ti ń gbé.

Nítorí etí yìí ni Ìyá Wáyà ṣe ń ṣe ẹ̀rọ kékeré kan kí àìsàn tó gbé e dè: máíkì, áísì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tó ń sọ ohùn kékeré di ńlá, àti èyí tí wọn yóò kì bọ etí. Ó ku díẹ̀ kó parí rẹ̀. Mo ní èmi á parí rẹ̀. Mo rò pé bí Màmá bá ti ń gbọ́ràn, màá lè jókòó tì wọ́n, kí n rọra sọ ọ́.

Rédíò ni mo mọ̀, láti ọgbọ̀n ọdún. Nínú rédíò, wáyà dúdú ni gíráúńdì, ibi tí a ń ka iná sí òdo, ó parí. Ṣùgbọ́n áísì tirẹ̀ yìí ń fẹ́ iná méjì, ọ̀kan lókè òdo, ọ̀kan nísàlẹ̀ òdo. Òdo tó wà láàárín wọn ni gíráúńdì. Mo so páwà orí tábìlì rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná, bó ṣe yà á sínú ìwé, mo sì so àárín náà mọ́ wáyà ilẹ̀ tó wà lára ògiri. Ó dára títí dé ibẹ̀. Mo wá fẹ́ fi sikóòpù, ẹ̀rọ tó ń ya ohùn bí ìlà lójú dígí, wò ó bóyá ohùn ń kọjá. Mo mú ìkọ́ dúdú ara okùn rẹ̀, mo fi há wáyà dúdú ìsàlẹ̀ pátápátá, ti iná ìsàlẹ̀ òdo, bí mo ṣe máa ń ṣe. N kò rántí pé ìkọ́ sikóòpù náà, wáyà ilẹ̀ ara ògiri kan náà ló bá lọ. Àṣé mo ti fi iná ìsàlẹ̀ kan òdo. N kò sì dín agbára páwà kù. Kí n tó fà á yọ, wáyà tín-ín-rín tí ọmọ fi lẹ́ẹ̀dì yíyọ́ lẹ̀ mọ́ pátákó ti pọ́n, ó ti já, èéfín ti bo ojú mi.

Ìgbà tí mo gbé apá kúrò lórí ìwé rẹ̀ ni mo rí ohun tó kọ sábẹ́ àwòrán: "Bàbá mi, mo mọ̀ yín o! Dúdú kọ́ ni gíráúńdì níbí. Ẹ má jó iṣẹ́ mi." Mo rẹ́rìn-ín, àbúrò mi. Lẹ́yìn náà mo sunkún débi pé oníbàárà tó ń wọlé yí padà láìbéèrè rédíò rẹ̀. Lẹ́ẹ̀dì ọwọ́ rẹ̀ ni. Kò sí ẹni tí yóò tún un lẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí n tó lè fọwọ́ kàn án. Mo pààrọ̀ áísì àti wáyà. Mo pa páwà àti sikóòpù tì, mo so bátìrì méjì pọ̀, àárín wọn di òdo, kò sí èyí tó kan ògiri. Lọ́sàn-án àná mo ki ẹ̀rọ náà bọ etí Màmá. Mo rọra ní, "Màámi." Wọ́n bojú wẹ̀yìn. "Ta ló pè mí?" "Èmi ni, mà." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ń fi ìka lu tábìlì kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Wọ́n gbọ́ omi tó ń kán lẹ́yìn ilé, wọ́n ní kí n dákẹ́ ná. Wọ́n wá ní, "Ọmọ yìí kì í ṣe èèyàn lásán! Ránṣẹ́ pè é wá. Ohùn tirẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́."

Mo yọ bátìrì kan. Mo pariwo pé ó ti bàjẹ́. Wọ́n ní kò burú, bí ọmọ bá dé, á tún un ṣe.

Kò bàjẹ́, àbúrò mi. Ó wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, mo sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Bí o bá lè wá, jọ̀ọ́, wá. Bí o kò bá lè wá, kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí màá sọ ránṣẹ́ sí mi, nítorí mo ti wá a títí, n kò rí i.

Bá mi kí ìyàwó wa, kí o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Màmá kí ọ. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé àwọn gbọ́ràn lánàá.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀,
Bọ̀dá Rédíò.